Ojú-Ewé Kẹtàdínlógún

Ní Túdún Wàdá, Kàdúná, ọdún tí mo pé mẹ́jọ,
bàbá mi to lẹ́tà òjé sínú férémù, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ó tẹ ìwé pélébé fún ilé-ìwòsàn,
ẹgbẹ̀rún méjì ẹ̀dà. Ó ti fi okùn dì wọ́n tán
kó tó rí i pé ojú-ewé kẹtàdínlógún purọ́.
Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni.
Kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí Màámi po sítáàṣì sínú abọ́ tanganran,
ó tẹ àtúnṣe sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ ju ìka lọ,
gbogbo wa jókòó sórí ẹní, à ń lẹ̀ ẹ́,
èmi, ẹ̀gbọ́n mi, àti Sáádátù ọmọ alábàágbé wa
tó ń lá sítáàṣì nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò ó.
Nígbà tí ládàánì pe ìrun àsùbáà, ó ku irinwó.

Ní Kúbwà níbí, wọ́n ti mú iná lọ láti agogo mẹ́ta.
Mò ń kọ ìlànà ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fíríìjì àjẹsára:
bí nọ́ọ̀sì yóò ṣe ka ìwọ̀n ooru,
ìgbà tí agogo yóò ké, ẹni tí a ó kọ́kọ́ pè.
Mi ò to òjé. Ọ̀rọ̀ lásán ni, tí kò wọ ẹ̀wù,
mo sì ń tì í sínú àká tí gbogbo wa jọ ń kó sí.
Àká yìí kì í gbàgbé. Ó mọ ẹni tó gbé kóró wá,
ó mọ wákàtí, ó mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí o tó dé.
Bí nǹkan bá ti wọlé, ẹ̀rọ kan tí mi ò rí rí
yóò jí níbi tó wà, yóò kà á láti òkè dé ilẹ̀,
yóò wọ̀ ọ́ láṣọ, yóò gbé e síta fáyé.
Kò ní béèrè bóyá òótọ́ ni.

Mo fẹ́ kọ 8. Ìka mi kọ 18.
Oorun ni, tàbí jẹnẹrétọ̀ Bàbá Ògìrìmà létí fèrèsé.
Kí n tó bu omi mu, 18 ti dé Hàdéjíà,
ó ti dé Bìrìnìn Kẹ́bí.
Àjẹsára tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀,
omi lásán ni wọ́n ń gún sọ́mọ lára.

Tánímù, nọ́ọ̀sì ní Hàdéjíà, ló rí i,
ẹni tí mo kọ́ nígbà òjò bí a ṣe ń ya ẹ̀ka:
pé o lè ṣe tìrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láìfọwọ́ kan igi,
kí o wá bi wá bóyá ká so ó pọ̀.
Ó ya ẹ̀ka. Ó yọ ọ̀kan kúrò níwájú ẹ̀jọ.
Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Màdáámù, sannu da aiki. Mẹ́jọ ni.*
Mo gbà á wọlé. Ẹ̀rọ tí mi ò rí rí tún jí.
Kí n tó ka àádọ́ta, 8 ti dá dúró lójú-ewé,
ó mọ́ tónítóní, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀. Wo inú àká:
Àbẹ̀ní Gbádéró, agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Tánímù, agogo mẹ́rin kọjá ogójì.
Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni irọ́ mi lò láyé.
Mo pe ilé-ìwòsàn mọ́kànlélógún, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan,
torí ojú-ewé lè yí padà,
ẹni tó ti kà á lọ kò ní mọ̀.
Ní Gúmẹ̀l, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri.
Mo dúró lórí fóònù títí ó fi pa á rẹ́.

Ẹ̀dà kan ìwé pélébé bàbá mi wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.
Bébà tó wà lójú-ewé kẹtàdínlógún wọ́,
ó ní láti jẹ́ pé Sáádátù ló lẹ̀ ẹ́.
Etí rẹ̀ kan ti ń ṣí. Bí mo bá fi èékánná gbé e díẹ̀,
nọ́ńbà àtijọ́ wà nísàlẹ̀, ó dúdú kirikiri,
bí bàbá mi ṣe tẹ̀ ẹ́.